Orúkọ Ni Ká Kọ́kọ́ Wá: Ohun Tí Ìpàtẹ Fọ́tò Bàbá Kan Kọ́ Mi ní Èkìtì

Ẹni tó bá fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ àgbà onífọ́tò kan, orúkọ ni kó kọ́kọ́ wá kiri kó tó wá férémù. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé òun ló gba gbogbo ọkàn mi nígbà tí a ṣe ìpàtẹ Bàbá ní Adó-Èkìtì, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Férémù wà lọ́jà, gíláàsì wà lọ́jà, káfíńtà tó máa kàn án kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló mọ obìnrin tó wọ léèsì, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, tó tẹjú mọ́ kámẹ́rà yẹn? Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì lè má sí mọ́ nígbà tí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá fi máa bẹ̀rẹ̀.

Bàbá ti ń ya fọ́tò ní Ìkẹ́rẹ́ tipẹ́tipẹ́ kí Èkìtì tó di ìpínlẹ̀ ní 1996, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Oǹdó. Bàbá Fọ́tò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò ṣe máa pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ yàrá méjì: iwájú ni àwọn oníbàárà ti ń jókòó, ẹ̀yìn ni yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fíìmù. Ojú èèyàn ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e dé Ìkọ̀gòsì pàápàá, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, àwọn tó wá wo omi ni yóò yà, yóò sì bá tirẹ̀ lọ.

Inú páálí mílíìkì àti agolo bisikíìtì ni nẹ́gátífì rẹ̀ wà, ìyẹn fíìmù tó ti fọ̀, tí dúdú ti di funfun, tí funfun sì di dúdú lára rẹ̀. Bí a ṣe ṣí páálí àkọ́kọ́, òórùn fínígà ló lù wá nímú. Ẹnikẹ́ni tó bá gbóòórùn bẹ́ẹ̀ nínú páálí fíìmù àtijọ́, kó tètè ṣe nǹkan sí i. Ohun tí wọ́n fi ṣe ara fíìmù náà, tí wọ́n ń pè ní acetate, ooru àti ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀; kíkan tó ń jáde lára rẹ̀ ni imú ń gbọ́ yẹn, èyí tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ máa ń kó bá àwọn tó wà nítòsí rẹ̀. Fíìmù á súnkì, ojú rẹ̀ á hunjọ, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà. A lè fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ká kó èyí tó ń rùn sọ́tọ̀, ká gbé gbogbo wọn síbi tó tutù tí kò sì rin, ká sì tètè yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Ìbọ̀wọ́ òwú la wọ̀, etí fíìmù nìkan la dì mú, a tẹ́ ẹ sórí gíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, a sì ya àwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ sùúrù ni.

Fíìmù 120 ló pọ̀ jù nínú wọn, èyí tó jẹ́ pé fọ́tò 12 péré ló ń gbà, ojú kọ̀ọ̀kan tó bíi sẹ̀ǹtímítà 6 níbùú, 6 lóròó. Ẹ ronú sí i: méjìlá péré. Lónìí, ọmọdé á ya ogójì fọ́tò ìyán orí tábìlì kó tó bu òkèlè. Bàbá ò lè fi ìkankan ṣòfò. Á ti tún gèlè ṣe, á ti na etí agbádá, á ti sọ fún oníbàárà pé kó dá èémí dúró, kó tó tẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ kan wà lára nẹ́gátífì yẹn tí n kò rí rí àfìgbà tí iná tan láti abẹ́ rẹ̀. Pẹ́ńsù ni. Lójú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti níwájú orí, ìlà wẹ́wẹ́ ni Bàbá fi pẹ́ńsù fà síbẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ibi tí ojú bá ti hunjọ, ó máa ń mọ́ gaara lára nẹ́gátífì, ìmọ́lẹ̀ á sì kọjá níbẹ̀ tipátipá, á wá dúdú lórí bébà. Pẹ́ńsù ló ń dí ìmọ́lẹ̀ náà lọ́nà, tí ojú fi ń dán. Bàbá ní òun kì í pa ilà ojú rẹ́ o; ìhunjọ àti ọgbẹ́ nìkan ni òun ń bá wọn rọ̀ lójú. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní kí a fi kọ̀ǹpútà nu àmì pẹ́ńsù náà kúrò kí fọ́tò lè "mọ́," mo ní rárá. Ọwọ́ Bàbá ló wà níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá nù ún kúrò ti nu ìdajì iṣẹ́ náà.

Nípa ti orúkọ, Bàbá ní ìwé ríṣíìtì. Ẹni tó bá san àsansílẹ̀, orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye tó san àti ọjọ́ tó máa wá gba fọ́tò. Àmọ́ ikán ti jẹ púpọ̀ nínú ìwé náà, àwọn orúkọ tó sì kù níbẹ̀ ni "Ìyá Aláta," "Tísà," "Ọmọ Ìyá Oníyán," "Àlejò láti Ẹ̀fọ̀n." Lójú Bàbá nígbà náà, ó tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlú ló mọ Ìyá Aláta. A jókòó tì í, ó sọ èyí tó rántí, ó sì rántí púpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a tẹ àwọn fọ́tò náà ní kékeré, a kọ nọ́ńbà nẹ́gátífì sẹ́yìn wọn, a sì gbé wọn tọ àwọn àgbà lọ: nínú ọjà Ìkẹ́rẹ́, ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bá parí ìsìn, ní mọ́sáláṣí, ní ilé àwọn tísà tó ti fẹ̀yìn tì.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ yóò wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi "Ta nìyí?" bẹ̀rẹ̀. Àgbà tí ẹ bá bi bẹ́ẹ̀ lè rò pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti ń gbàgbé nǹkan, á ní òun ò mọ̀ ọ́n, á sì dá fọ́tò padà. Aṣọ ni kí ẹ béèrè. Ẹ ní, "Ẹ̀yin ìyá, aṣọ wo nìyí?" Ẹ ó rí i bí ojú ṣe máa là. Ìyá àgbà kan gbé fọ́tò kan sún mọ́ ojú, ó ní, "Háà! Aṣọ tí a fi sin ìyá olórí ọjà nìyí. Gbogbo wa la rà á. Èyí tó jókòó yìí, òun ló rán tèmi." Bí a ṣe mọ̀ pé aránṣọ ni obìnrin náà nìyẹn, a mọ ọdún tí wọ́n ya fọ́tò, orúkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e láìsí pé a béèrè. Aṣọ ẹbí ò ṣeé fojú kéré. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ òkú àti ìgbéyàwó tí kò sí nínú ìwé kankan ni àwọn ìyá wa fi àǹkárá kọ pamọ́ sínú orí. Àwọn ọkùnrin, bàtà àti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sábà máa ń rántí.

Láàárín ìwádìí yìí la rí aago. Aago ọwọ́ kan náà ló wà lọ́wọ́ tísà, lọ́wọ́ àgbẹ̀ kòkó, lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tó gba fírídọ́ọ̀mù. Ṣọ́ọ̀bù ló ni ín. Rédíò kan náà, òdòdó rọ́bà kan náà, kóòtù kan náà tó há lọ́rùn ẹlòmíì tó sì gba ẹlòmíì láyè. Àwọn kan nínú wa ní ẹ̀tàn ni. Mo bi Bàbá. Ó ní, "Ẹni tó bá jókòó síwájú mi, ohun tó ń bọ̀ wá ní ni mo yà mọ́ ọn lára." Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó kó owó kòkó ọdún náà wá ya fọ́tò fẹ́ kí ọmọ ọmọ òun rí òun ní ọ̀nà tí òun fẹ́ kí wọ́n rí òun. Aájò ni kí Bàbá bọ́ aago sí i lọ́wọ́. Seydou Keïta, àgbà onífọ́tò ní Bamako ní ilẹ̀ Málì, náà ní aago, rédíò àti kóòtù tó ń yá àwọn oníbàárà rẹ̀ wọ̀, ìyẹn láti bí ọdún 1948 tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Láàárín àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó mọ ẹnìkejì.

Fọ́tò kan wà tí mo fẹ́ dúró lé lórí. Ọmọbìnrin méjì ni, aṣọ kan náà, ìjókòó kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà lọ́rùn. Gbogbo ẹni tó wò ó ló ní, "Ẹ wò ó, ìbejì!" Bàbá Fọ́tò mi orí. Ó ní ọmọ kan ni. Ẹnìkejì rẹ̀ ti padà lọ. Ìyá wọn ló gbé èyí tó kù wá, tó ní kí Bàbá ya àwọn méjèèjì fún òun. Bàbá ya ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Nínú yàrá òkùnkùn, ó fi páálí dúdú bo ìdajì bébà, ó tẹ àkọ́kọ́. Ó yí páálí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tẹ èkejì, Táyé àti Kẹ́hìndé sì jókòó ti ara wọn. Ìdí tó fi lè máa rí ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé bébà fọ́tò dúdú-àti-funfun kì í ka iná pupa sí, láńtà tí a fi gíláàsì pupa bò ló fi ń ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe Bàbá nìkan ló ń ṣe irú rẹ̀. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó bá àwọn onífọ́tò ṣiṣẹ́ ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà sí wa, kọ nípa rẹ̀ ní 1978. Ó ní bí ìbejì bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ tó kù, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ tobìnrin fún un, wọ́n á tún yà á. Nínú ilé tí ẹ̀sìn ò ti jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ère ìbejì mọ́, fọ́tò ló gba ipò ère. Mo ti rí ère ìbejì nínú ìwé àti nínú gíláàsì ilé àkójọpọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìmọye ìgbà, àmọ́ fọ́tò yìí ló jẹ́ kí n mọ ohun tí ìyá tó ń gbé ère náà sùn ń wá. A wá ọmọ inú fọ́tò náà kàn. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ. A bi í bóyá a lè gbé e kọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní a lè gbé e kọ́, ṣùgbọ́n kí a kọ orúkọ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀, Táyé kó ṣáájú. A kọ ọ́ bó ṣe wí.

Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí mo ń da ara mi láàmú tó báyìí lórí orúkọ, ṣé fọ́tò tó dára kò tó? Mo máa ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú Keïta yìí kan náà. Ní 1991, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ níbi ìpàtẹ ńlá kan ní New York, wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé a ò mọ ẹni tó yà á. Keïta wà láàyè ní Bamako nígbà náà, ó ń jẹ, ó ń mu. Ìgbà tí wọ́n wá a lọ síbẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n fi ṣe ìpàtẹ tirẹ̀ ní Paris ní 1994. Ó kú ní 2001. Ẹ wo bí àyè tó wà láàárín ṣe kéré tó.

Ìkẹ́rẹ́ wa pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, tó ya Ògògà àti aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbé wá kí i sára igi, wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní London ní 1924. Láti ibẹ̀ ló gba wọ inú British Museum, ilé àkójọpọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní London, wọ́n sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà. Ilẹ̀kùn náà gbajúmọ̀ pẹ́ kí orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ tó gbajúmọ̀ lọ́hùn-ún. Nílé ńkọ́? Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, tó ń dárúkọ àwọn iṣẹ́ tí ọkọ òun ṣe. Obìnrin yẹn ni ìwé ríṣíìtì. Irú rẹ̀ ni à ń wá kiri inú ọjà.

Ti gbígbé kọ́ kò ní pẹ́ rárá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ gálárì máa ń fi àárín àwòrán sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 145 sí 150 láti ilẹ̀, kí ó bá ojú ẹni tó dúró mu. A fi tiwa rẹlẹ̀ sí i, a sì to àga síwájú ògiri, torí a mọ̀ pé àwọn àgbà ni àlejò wa. A fi kọ́tìnì dí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Èdè Yorùbá la kọ sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ní lẹ́tà gàdàgbà, orúkọ ẹni tó jókòó lókè, orúkọ Bàbá nísàlẹ̀. Ibi tí a kò bá ti mọ orúkọ, a fi àyè sílẹ̀, a so pẹ́ńsù mọ́ ọn.

Àyè àti pẹ́ńsù yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí a ṣe. Mo ti lọ síbi ìpàtẹ tí ojú àlejò máa ń kọjá lára ògiri bí ẹni ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn èèyàn ń kí fọ́tò. Ìyá kan dé iwájú àbúrò rẹ̀ tó ti kú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì ń ki oríkì rẹ̀. Gbogbo wa dúró jẹ́ẹ́ títí ó fi parí. Àwọn ọkùnrin méjì ń jiyàn lórí ẹni tó dúró lápá òsì nínú fọ́tò ẹgbẹ́ kan, ọ̀kan fi fóònù pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n sì yanjú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ń kọ orúkọ. Wọ́n ń fi ìlà pa orúkọ tí ẹlòmíì ti kọ, wọ́n ń tún un kọ. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, abẹ́ àwọn fọ́tò kan ti kún fún ìwé ọwọ́ oríṣiríṣi, a kò sì pa ìkankan rẹ́.

Bàbá jókòó sínú àga rẹ̀ nítòsí ilẹ̀kùn. Àwọn tó ti yà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́ ń wá dọ̀bálẹ̀ fún un. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó ń bi kálukú ni pé, "Fọ́tò yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà nílé?" Bí wọ́n bá ní ó wà, á ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ti ń pupa. Ó máa ń gbéra ga díẹ̀ lórí ìyẹn, ó sì tọ́ sí i: fọ́tò tí wọn ò bá fi omi ṣan dáadáa, hàípò, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò, tó bá kù lára rẹ̀ á sọ ọ́ di rẹ́súrẹ́sú lọ́jọ́ iwájú. Tirẹ̀ ṣì dúdú, ó ṣì funfun, nítorí pé ó ń rán àwọn ọmọṣẹ́ lọ pọn omi títí ọrùn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ wọ́n lára.

Ìdílé kan kọ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó ni, ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́, àwọn ọmọ ò sì fẹ́ kí ìlú máa fi ojú wá nǹkan tó ti sinmi. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, a ò bá wọn jiyàn. Ẹnìkan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Bàbá ló ya fọ́tò, Bàbá ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bóyá ó máa wà níbẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ni òun tà fún wọn, òun ò ra ojú wọn. Èyí tí a ta nínú àwọn fọ́tò tí a tẹ̀ tuntun, Bàbá ló gba owó rẹ̀. Ẹbí tó bá sì rí èèyàn rẹ̀ lára ògiri, ẹ̀dà kan jẹ́ tirẹ̀ láìsanwó. Kí àwọn tó ń gbèrò irú ìpàtẹ yìí ti to ìyẹn mọ́ ìnáwó wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àwọn ẹbí á béèrè.

Èyí tó kù báyìí ni fọ́tò aláwọ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ya aláwọ̀ nígbà tí ilé ìfọ̀fọ́tò olówó ńlá dé, tí iṣẹ́ yàrá òkùnkùn sì ń kú lọ. Lẹ́yìn 1986 tí náírà já wálẹ̀, tí bébà àti fíìmù láti òkè òkun gbówó lórí, owó díẹ̀ ló kù fún un nínú rẹ̀. A rò pé àwọn dúdú-àti-funfun ló yẹ ká tètè gbà sílẹ̀ torí wọ́n dàgbà jù. Àwọ̀ kò lè dúró bíi fàdákà tó wà nínú dúdú-àti-funfun: aró ni, ó sì ń ṣí kódà nínú òkùnkùn, pàápàá níbi tó bá gbóná. Nínú àwọn páálí tó gbẹ̀yìn, aṣọ tó jẹ́ búlúù ti ń di pípọ́n. A ti bẹ̀rẹ̀ lórí wọn. Bàbá ní Ìkẹ́rẹ́ ni kí a pàtẹ àwọn yẹn sí, nítòsí ọjà, kí àwọn obìnrin lè yà wọlé láti ìsọ̀ wọn láìwọ mọ́tò, ọjọ́ ọjà gan-an ni kí a sì ṣí i.